Ìbò Kan Ṣoṣo ní Ohio

Bàbá mi ti mọ Amẹ́ríkà dáadáa kí n tó débẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tẹ ibẹ̀ rí. Olùkọ́ ẹ̀kọ́ nípa ìjọba, tí wọ́n ń pè ní Gọ́fúmẹ́ǹtì, ni ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Iléṣà títí ó fi fẹ̀yìn tì. Bó bá ti kan ibi tí àwọn ará Amẹ́ríkà ti gba òmìnira lọ́wọ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì tán, tí wọ́n wá kọjú síra wọn lórí bí wọn yóò ṣe máa ṣèjọba, ohùn rẹ̀ á yí padà. Á gbé ṣọ́ọ̀kì kalẹ̀, á máa rìn láàárín àwọn àga wa, á máa sọ̀rọ̀ àwọn òṣèlú tó ti kú tipẹ́tipẹ́ bí ẹni pé ó pàdé wọn láàárọ̀ yẹn ní ọjà Àtàkúnmọ́sà. Èmi náà jókòó nínú kíláàsì rẹ̀ bí ọmọ ẹlòmíì. Nígbà tí mo dàgbà, iṣẹ́ yẹn kan náà ni mo ń ṣe ní Òṣogbo. Alékùwódò ni mò ń gbé, níbi tí ariwo àwọn oníṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ ilé ti máa ń jí mi kí aago tó jí mi.

Nígbà tó wá di pé mò ń lọ sí Ohio, ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, inú bàbá mi dùn ju tèmi lọ. Ìyá mi ń ronú bóyá màá rí oúnjẹ tó máa bá mi lára mu. Bàbá mi ń ronú bóyá màá rí ilé tí wọ́n ti jókòó kọ òfin ìpínlẹ̀ náà. Èmi ní tèmi, òtútù nìkan ni mò ń rò.

Mo bá òtútù náà níbẹ̀, mi ò ní purọ́. Àmọ́ ìdákẹ́jẹ́ ló kọ́kọ́ bá mi lójijì. Ìlú kékeré ni mo balẹ̀ sí, ó wà lẹ́bàá odò, àwọn ilé rẹ̀ mọ́ tónítóní, wọ́n gé koríko iwájú ilé dọ́gba-dọ́gba, o ò sì ní gbọ́ ohùn èèyàn kankan. Ní Sátidé àkọ́kọ́ tí mo lò níbẹ̀, mo jáde lọ wo ibi tí àwọn èèyàn wà. Mo rìn títí mo fi rìn jáde nílùú. Ajá kan ló dá mi lóhùn. Mo padà sílé, mo fi fóònù gbọ́ rédíò Òṣogbo, mo sì fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kó máa sọ̀rọ̀. Ìpolówó àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tó jẹ́ pé mo máa ń pa rédíò tí mo bá gbọ́ ọ nílé, ńṣe ni mo jókòó tì í tí mò ń rẹ́rìn-ín.

Iṣẹ́ tí mo rí ni ti ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Mo máa ń wẹ̀ wọ́n, mo máa ń wọṣọ fún wọn, mo máa ń fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ń gbọ̀n lóúnjẹ. Kò tì mí lójú. Nọ́ọ̀sì ni ìyá mi, mo sì ti rí i tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn èèyàn láti kékeré mi. Ohun tó ń dùn mí ni pé n kò rí ẹni bá jiyàn. Wọ́n á ní ó tutù lónìí, màá ní bẹ́ẹ̀ ni, ó tutù, ọ̀rọ̀ sì ti parí nìyẹn. Èmi tí mo ti máa ń dúró níwájú ọ̀pọ̀ ọmọ tí a jọ ń fa ọ̀rọ̀ ìjọba mọ́ ara wa lọ́wọ́ títí agogo á fi lù! Ó ń ṣe mí bí ẹni pé ẹnu mi ti fẹ́ dípẹtà.

Bàbá Hálán ló tú u sílẹ̀ fún mi.

Ọ̀kan lára àwọn arúgbó tí mò ń tọ́jú ni, lọ́yà ni tẹ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́, orí àga onítáyà ló máa ń wà, àmọ́ orí rẹ̀ pé ju tèmi lọ. Wọ́n gbé àwòrán ilé olókùúta kan kọ́ sára ògiri yàrá rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bí mo ṣe ń de bọ́tìnì ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, mo bi í pé ilé wo nìyẹn. Ó ní ilé tí wọ́n ti jókòó sọ Ohio di ìpínlẹ̀ ni, pé wọ́n ti wó ti àtijọ́, wọ́n sì tún irú rẹ̀ kọ́ sí ìlú yìí kan náà.

Ọwọ́ mi dúró lórí bọ́tìnì. Mo ní, "Ṣé ibẹ̀ ni gómìnà yẹn ti sọ ọ̀rọ̀ tí ààrẹ fi yọ ọ́ nípò?"

Kí Ohio tó di ìpínlẹ̀, ìjọba àpapọ̀ ló yan gómìnà lé àwọn ará ibẹ̀ lórí. Ẹgbẹ́ òṣèlú kan ni gómìnà ń ṣe, òmíràn ni ọ̀pọ̀ aráàlú ń ṣe, gómìnà sì mọ̀ pé ọjọ́ tí ibẹ̀ bá di ìpínlẹ̀ ni àga á fò kúrò lábẹ́ òun. Ó dìde níwájú àwọn aṣojú, ó bẹnu àtẹ́ lu gbogbo ètò náà. Ẹgbẹ́ àwọn aráàlú ni ààrẹ kẹta Amẹ́ríkà ń ṣe, ó sì lé e lọ.

Bàbá Hálán yíjú wò mí. Ó béèrè ẹni tó sọ ìyẹn fún mi. Mo ní bàbá mi ni, olùkọ́ ni ní Iléṣà. Ó ní kí n tún orúkọ ìlú náà pè. Mo pè é. Òun náà pè é, kò bọ́ sí i, ó tún un pè títí tó fi bọ́ sí i díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí: nínú èdè tiwọn, kò sí "ẹ" tí à ń fi bá àgbà sọ̀rọ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá ń bá bàbá yìí sọ̀rọ̀ ni mo ń wá "ẹ" náà. Nígbà tó jẹ́ pé Yorùbá ni mo fi ń ròyìn yìí, màá fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀ níbi tí mo bá ti ń bá a sọ̀rọ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, àárọ̀ mi yí padà. Bí mo bá ti ń fá irùngbọ̀n rẹ̀, à ń sọ̀rọ̀ òṣèlú ayé ijọ́un. Ó máa ń sọ bí àwọn ìwé ìròyìn ṣe ń bú àwọn olóṣèlú, kò sì sí èébú tí a gbọ́ nígbà ìbò ní Ọ̀ṣun tí wọn kò ti bú síra wọn lọ́hùn-ún. Ó máa ń sọ bí ààrẹ kẹta, tó ti ń pariwo pé ìjọba kò gbọdọ̀ ṣe kọjá ohun tí òfin kọ sílẹ̀, ṣe ra ilẹ̀ rẹpẹtẹ lọ́wọ́ àwọn Faransé nígbà tí kò rí ibi tí òfin ti fún un láṣẹ bẹ́ẹ̀. Mo ń rẹ́rìn-ín, ó ń rẹ́rìn-ín, mo sì ń rọra fá a kí abẹ má bàa gé e.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn tí bàbá mi ti ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì dé, mo pè é, mo sì ròyìn Bàbá Hálán fún un. Ó wá ní kí n dúró, kí òun lọ mú gíláàsì òun. N kò mọ ohun tí gíláàsì fẹ́ ṣe fún ẹni tó ń gbọ́ fóònù, àmọ́ mo dúró. Nígbà tó padà dé, ohùn kíláàsì yẹn ló bá dé. Ó ní, "Ọ̀gá yẹn, ó gbọ́dọ̀ dáhùn ìbéèrè mi."

Bẹ́ẹ̀ ni mo di ońṣẹ́ láàárín àwọn méjèèjì. Bàbá mi á béèrè láti Iléṣà lọ́jọ́ Àìkú, màá gbé e lọ fún Bàbá Hálán lọ́jọ́ Ajé, màá sì gbé èsì padà. Bàbá mi ní ọ̀rọ̀ Ohio jọ ìgbà tí wọ́n yọ Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́, pé òun rántí bí àwọn èèyàn ṣe tú jáde tí wọ́n ń jó. Ọmọ Òṣogbo ni ìyá mi. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn: "Ẹ má gbàgbé láti sọ fún un pé Òṣogbo ni wọ́n fi ṣe olú-ìlú o." Bàbá mi, ọmọ Ìjẹ̀ṣà pọ́nńbélé, ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ọ̀rọ̀ olú-ìlú yẹn kò tíì tán nílé wa títí dòní.

Ìbéèrè kan wà tó yàtọ̀. Bàbá Hálán ti ṣàlàyé bí wọ́n ṣe pín ilẹ̀ náà: wọ́n fi ẹ̀wọ̀n ìwọ̀n là á sí igun mẹ́rin-mẹ́rin bí ìwé ìṣirò ọmọ ilé ìwé, wọ́n ń tà á, àwọn èèyàn sì ń rọ́ wá láti ẹ̀yìn òkè pẹ̀lú màlúù àti ọmọ wọn. Mo ròyìn rẹ̀ fún bàbá mi tayọ̀tayọ̀. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Lọ bi í pé àwọn tó ni ilẹ̀ náà ńkọ́."

Mo bi í. Bàbá Hálán gbé ṣíbí kalẹ̀. Ó ní àwọn Shawnee àti àwọn ẹ̀yà mìíràn ló wà níbẹ̀, pé wọ́n jagun gidigidi, wọ́n ṣẹ́gun lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún ṣẹ́gun, kí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó wá ṣẹ́gun wọn. Wọ́n ní kí àwọn olóyè wọn fọwọ́ síwèé pé àwọn fi èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ náà sílẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n lé àwọn tó ṣẹ́ kù kọjá odò ńlá lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Ó ní ilẹ̀ tí ilé ìtọ́jú tí a wà yìí dúró sí wà lára rẹ̀. Kò wá àwáwí kankan. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún bàbá mi, ó ní ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ni nígbà tiwọn, ìlà kan ṣoṣo ló fún àwọn èèyàn yẹn.

Mo ronú sí i lọ́nà ilé. Àwọn èèyàn ti máa ń fi ìwà pẹ̀lẹ́ bi mí pé ibo ni mo ti wá, mo sì máa ń dáhùn bí àlejò tó ń wo ojú onílé. Láti ọjọ́ yẹn, ìbéèrè náà kò ká mi lára mọ́. Ìlú tí gbogbo àwọn tó ń gbé ibẹ̀ báyìí ti wá láti ibòmíràn ni, iyàn tí wọ́n sì ń jà láti ìbẹ̀rẹ̀ ni pé ta ni yóò wọlé, ta ni yóò sọ̀rọ̀ tó bá wọlé tán. Mo ti bá wọn lẹ́nu iyàn. Èmi náà lè dá sí i.

Lọ́dọọdún, àwọn ará ìlú náà máa ń fi eré ṣe ìjókòó àwọn aṣojú àtijọ́ nínú ilé olókùúta yẹn. Bàbá Hálán ló ti máa ń ṣe alága láti ọjọ́ pípẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní ọdún yìí, wọ́n fẹ́ fi ìbò kan kún eré náà tí wọn kì í ṣe tẹ́lẹ̀. Ó sọ ọ́ fún mi, mo sì jókòó sí etí ibùsùn rẹ̀, ohun tí wọn kò gbà wá láyè láti ṣe.

Àwọn aṣojú yẹn ti gbà pé kò ní sí ẹrú ní Ohio. Ó wá ku bóyá àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó ń gbé ibẹ̀ lè dìbò. Àwọn aṣojú kọ́kọ́ gbà pé kí wọ́n dìbò. Nígbà tí wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò, ìbò pín sí méjì gééré. Ó wá ku ìbò alága tí yóò yanjú rẹ̀. Alága sì ní rárá.

N kò gbọ́ ọ rí. Bàbá mi náà, lẹ́yìn gbogbo ọdún tó fi kọ́ni, kò gbọ́ ọ rí.

Bàbá Hálán ní, "Iye ìbò ni wọ́n kọ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ kí wọ́n tó dìbò, kò sẹ́ni tó kọ ọ́. A nílò ẹni tí yóò dìde sọ̀rọ̀ fún àwọn tó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìwọ ni kó o kọ ọ́, ìwọ náà ni kó o sọ ọ́."

Mo jáde síta, mo pe Iléṣà láìdúró de ọjọ́ Àìkú. Inú mi dùn, n kò sì tíì mọ ohun tí màá kọ. Bàbá mi fẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn Gíríìkì. Ó ń ka ọ̀rọ̀ jànkànjànkàn sí mi létí, mo ń kọ ọ́, mo ń pa á rẹ́. Mo ní, "Bàámi, àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, ilé ń pè wọ́n." Ó bínú díẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ó pè padà, ó ní òun ti rò ó, pé kí n bi wọ́n léèrè ohun tó mú wọn bínú sí gómìnà wọn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti là sí mi lójú.

Nígbà tó ku díẹ̀ kí ọjọ́ pé, mo bá Bàbá Hálán tó dorí kodò. Ó ní òun kò lè ṣe é. Òun kò lè gbọ́ ọ̀rọ̀ tí mo kọ tán kí òun sì wo ojú mi sọ pé rárá. Ó ní òun yóò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, eré ṣáà ni.

Inú mi kọ́kọ́ dùn. Ta ni kò ní wù? Àmọ́ bí mo ṣe ń wọ bàtà fún un, ọkàn mi kò gbà á. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ sọ pé rárá."

Ó ní, "Kí ló dé?"

"Torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ ọ́. Tí ẹ bá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo wọn á pàtẹ́wọ́, wọ́n á lọ jẹun. Mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ. Mo fẹ́ kí ó dùn wọ́n pé ó ku ẹnì kan ṣoṣo."

Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ títí. Ó ní, "Ó máa dun èmi náà."

Mo ní mo mọ̀.

Lọ́jọ́ náà, ilé olókùúta kún dé ẹnu ọ̀nà. N kò mọ̀ pé ìlú náà ní èèyàn tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀sán ni níbẹ̀, ilẹ̀ sì ti ń ṣú ní Iléṣà. Mo ti pe bàbá mi, mo fi fóònù sínú àpò àyà mi láìpa á, kó lè máa gbọ́. Ó ti kó àwọn aládùúgbò jọ sí pálọ̀. Mo ń gbọ́ wọn tí wọ́n ń sọ fún ara wọn pé kí wọ́n dákẹ́.

Wọ́n pè mí. Mo dìde, ẹsẹ̀ mi fúyẹ́. N kò wo ìwé.

Mo ní, "Ẹ̀yin aṣojú, àwọn aláwọ̀ dúdú yìí bá yín gé igbó, wọ́n bá yín la ọ̀nà tí ẹ gbà dé ibí. Ẹ̀ ń bínú sí gómìnà tó ń ṣèjọba lórí yín láìbi yín léèrè, ẹ sì ti kọ̀ ọ́, ẹ jàre rẹ̀. Kí wá ni ẹ fẹ́ ṣe lónìí? Gómìnà náà lẹ fẹ́ jẹ́ fún ẹlòmíràn. Bí ọwọ́ yín bá ṣe gòkè báyìí, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ yín yóò ṣe bá a."

Mo sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ ìyẹn ni egungun rẹ̀. Mo rí i tí obìnrin kan tó wà níwájú di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú. Mo mọ̀ pé mo ti gbá wọn mú, bí olùkọ́ ṣe máa ń mọ̀.

Wọ́n dìbò. Ó pín dọ́gba. Gbogbo ojú yí sí Bàbá Hálán lórí àga onítáyà rẹ̀. Ó wò mí. Mo mi orí sí i pé kó sọ ọ́.

"Rárá," ló wí.

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin kan láti ẹ̀yìn sọ pé òun kò gbà, obìnrin kan náà sọ̀rọ̀, ẹlòmíràn ní kí wọ́n tún un dì, kí gbogbo ilé dìbò, bí ilé olókùúta yẹn ṣe dà bí ọjà nìyẹn. Wọ́n ń jiyàn! Àwọn ará ìlú tí mo rò pé wọn kò lóhùn. Wọ́n yí mi ká, wọ́n ń bi mí léèrè, wọ́n ń ta kò mí, wọ́n ń dá mi láre. Bàbá Hálán jókòó láàárín wọn, omi wà lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Mo já ara mi gbà, mo bọ́ sí ibi tí wọ́n páàkì mọ́tò sí, mo fa fóònù yọ. Bàbá mi kò lè sọ̀rọ̀ dáadáa. Ó ṣáà ń ní ọmọ mi, ọmọ mi. Ó ní àwọn náà ti dìbò nínú pálọ̀, gbogbo wọn ní bẹ́ẹ̀ ni, àfi ẹnì kan.

Mo béèrè ẹni náà. Ìyá mi ló gba fóònù.

Ó ní, "Èmi ni. Gẹ̀ẹ́sì rẹ ń sáré jù, fóònù sì ń já. Àwọn wọ̀nyí kàn nawọ́ torí pé ìwọ lo sọ̀rọ̀. Èmi kì í dìbò fún ohun tí wọn kò ṣàlàyé fún mi. Ṣàlàyé rẹ̀."

Mo gbé ẹ̀yìn ti mọ́tò kan, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un ní Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀. N kò tíì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ rí, ó sì rọ̀ mí lẹ́nu ju ti inú ilé lọ. Ó ń dá mi dúró láti béèrè. Ó ní ṣé àwọn èèyàn náà ń bímọ níbẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà. Ó ní àwọn ọmọ tí wọ́n bí ńkọ́, ṣé àwọn náà kò ní lè dìbò? Mo ní àwọn náà kò lè dì í, títí di ọjọ́ pípẹ́ lẹ́yìn náà, títí tí wọ́n fi jagun lórí rẹ̀.

Mo ń gbọ́ ariwo pálọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ó dáa," ni ìyá mi wí, ó wá ké sí àwọn ará pálọ̀. "Ẹ ka tèmi kún bẹ́ẹ̀ ni."